Ilé Ọtí, Ilé Oúnjẹ àti Àwọn Àlejò Tó Dá Wọn Sílẹ̀ ní Naperville

  

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a lọ jẹun ní àárín ìlú Naperville, lẹ́bàá odò DuPage. Ilé oúnjẹ kún ibẹ̀ lọ́tùn-ún lósì: ti ará Ítálì, ti ará Mẹ́síkò, ti ará Íńdíà. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, wò yíká, ó ní, "Dádì, ta ló kọ́kọ́ ta oúnjẹ níbí?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ mọ ìtàn Ìbàdàn, ẹ ò mọ ìtàn ibi tí à ń gbé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ ni. Bí ènìyàn bá bi mí nípa Ògúnmọ́lá tàbí Ìyáàfin Tinúbú, mo lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìlú tí mo ń san owó ilé sí láti ọdún wọ̀nyí wá, n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo wá lọ kàwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí òbí yín kà á sókè fún yín. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà ní Chicago ná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìwé ìtàn mọ̀ pé ó ti ibòmíràn wá tẹ̀dó sí ẹnu odò Chicago, ènìyàn dúdú ni. Jean Baptiste Point du Sable ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Kitihawa, ọmọ Potawatomi ni, ìyẹn àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà gan-an. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1790, arìnrìn-àjò kan tí ń jẹ́ Hugh Heward wa ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wọn. Oúnjẹ ló ń wá. Ó kó aṣọ òwú sílẹ̀, du Sable sì kó ìyẹ̀fun, búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún un. Kò sí owó níbẹ̀, pàṣípààrọ̀ ni. Heward kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, ìyẹn ni àwa fi mọ̀ lónìí.

Nígbà tí du Sable ta ilé náà ní ọdún 1800, wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú àgbàlá rẹ̀ sílẹ̀: ilé tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, ilé tí wọ́n ti ń fi èéfín gbẹ ẹran, ilé adìyẹ, ilé wàrà, àti ọlọ ńlá tí ẹṣin ń yí. 6,000 livre, owó àwọn Faransé, ni ó tà á. Nígbà tí mo ka èyí, ẹ̀rín pa mí. Gbogbo ohun tí olóúnjẹ nílò ló pé síbẹ̀, ata nìkan ló kù! Ní ọdún 2021 ni ìjọba ìlú Chicago fi orúkọ rẹ̀ kún orúkọ títì Lake Shore Drive. Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá tún gba ibẹ̀ kọjá, ẹ rántí pé olóúnjẹ ni bàbá náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Naperville, tó jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì sí Chicago ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún 1831, Joseph Naper, tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ lórí àwọn adágún ńlá, kó ìdílé rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí ẹ̀bá odò DuPage. Wọ́n kọ́ ilé ìlagi àti ilé ìtajà. Àwọn Potawatomi ṣì wà nítòsí nígbà náà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ogun Black Hawk bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará Naper sá lọ sí Chicago, wọ́n sì padà wá kọ́ odi kan tí wọ́n pè ní Fort Payne. Ní ọdún 1833, wọ́n fi àdéhùn kan gba ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn Potawatomi, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sí òdì kejì odò Mississippi.

Kí ló kan ilé ọtí nínú gbogbo èyí? Ẹ fara balẹ̀. Ní ọdún 1834, ọdún kan péré lẹ́yìn àdéhùn yẹn, wọ́n kọ́ ilé èrò kan sí àárín ìlú. Èrò ni ẹni tó ń rìnrìn-àjò. Ilé èrò ni ibi tí èrò ti ń sùn, tó ti ń jẹun, tó sì ti ń mu ọtí díẹ̀ kí ó tó tún gbéra. Orúkọ tí wọ́n sọ ilé náà ni Pre-Emption House. Orúkọ yẹn ṣe mí ní kàyéfì. Ta ló ń sọ ilé ọtí ní orúkọ bẹ́ẹ̀?

Orúkọ òfin ni! Òfin kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1830: ẹni tó bá ti ń dáko lórí ilẹ̀ kan kí ìjọba tó wọn ilẹ̀ náà, tó sì tó tà á, òun ni yóò kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti rà á. Kò gbọ́dọ̀ ju 160 éékà lọ, owó éékà kan sì jẹ́ $1.25. Bẹ́ẹ̀ ni $200 yóò sọ ẹni tó kàn wá jókòó síbẹ̀ di onílẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ará ìlú nìyẹn, òun ni wọ́n ń sọ nídìí ife ọtí, òun náà ni wọ́n fi sọ ilé ọtí lórúkọ. Ní ilẹ̀ wa, àlejò tó bá fẹ́ dáko yóò lọ bá onílẹ̀, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún kí gbogbo ènìyàn má baà gbàgbé ẹni tó nilẹ̀. Ní ti Naperville, ìjọba ni wọ́n sanwó fún. N kò rí i kà pé ẹnikẹ́ni bu ọtí kan fún Potawatomi nínú ilé èrò yẹn.

Èrò pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ọkà wítì lọ sí Chicago, àwọn tó ń bọ̀ láti Galena níbi tí wọ́n ti ń wa òjé, ibẹ̀ ni wọ́n ń yà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Naperville ní ọdún 1864, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin kò nílò láti sùn lọ́nà mọ́. Síbẹ̀ ilé náà dúró títí di ọdún 1946 kí wọ́n tó wó o. Èyí tí ẹ máa ń rí ní Naper Settlement nígbà tí ilé ìwé bá kó yín lọ, àwòkọ rẹ̀ ni wọ́n tún kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọtí bíà ló kàn. Àwọn ará Jámánì ló mú un wá. Kí ọdún 1850 tó pé, ìdílé Stenger, àwọn ará Jámánì, ti dá ilé ìpọntí sílẹ̀ ní Naperville. Ẹ̀yin ọmọ, a kì í sè ọtí ní Yorùbá, a máa ń pọn ọtí ni. Ẹni tó ń ṣe é ni apọntí. Ẹ má ṣe rò pé ohun àjèjì ni iṣẹ́ yìí. Bàálì ni wọ́n ń lò: wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi hù, wọ́n á mú kí ó gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi sílẹ̀ kí ó kan. Ẹ lọ bi ìyá àgbà yín bí wọ́n ti ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti ara àgbàdo. Ọ̀nà kan náà ni! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé irú bíà táwọn ará Jámánì fẹ́ràn ń fẹ́ òtútù, kò sì sí fíríìjì nígbà náà. Yìnyín ni àwọn apọntí ń gé lórí omi nígbà òtútù, wọ́n á kó o sínú iyàrá abẹ́ ilẹ̀ de ìgbà ooru.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ọtí àwọn àlejò wọ̀nyí. Ní Chicago, ní ọdún 1855, olórí ìlú tí ń jẹ́ Levi Boone gbé owó ìwé àṣẹ ọtí kúrò ní $50 sí $300, ó sì ní kí wọ́n máa ti ilé ọtí ní ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni òṣìṣẹ́ ará Jámánì ní láti sinmi. Gbogbo wọn mọ̀ pé àwọn ni òfin náà ń bá wí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin wọ́n jáde, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí lọ sí i. Ní ọdún 1856 olórí ìlú mìíràn wọlé, owó ìwé àṣẹ sì padà sí $50. Àwọn àlejò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìbò.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ìtàn ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ Jámánì kan wà, Adolph Kuhrs. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kú ní ọdún kan náà, 1862, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń kọ́ṣẹ́ ìpọntí ní Dortmund. Ní ọdún 1868 ó sá pamọ́ sínú ọkọ̀ òkun, kò san owó ọkọ̀, kò ní ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóde òní. Ó ṣe iṣẹ́ lébìrà ní Chicago. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1869, John Stenger gbà á sí Naperville, ó sì fi í ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ìpọntí rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni!

Ó lò tó ọdún méjì ààbọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní ìlú máa ń sọ pé Stenger fẹ́ kí ó fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun, ni ọmọkùnrin bá sá lọ. Ìtàn ẹnu ni. Ẹ fi rẹ́rìn-ín. Èyí tó dájú ni pé ó kúrò ní oṣù Kìíní ọdún 1872, ó gba Denver lọ. Ní ọdún 1873, òun àti Jacob Schueler dá ilé ìpọntí sílẹ̀ ní ìlú Golden. Schueler mú $18,000 wá, òun mú $2,000. Orúkọ rẹ̀ ti di Coors nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, Coors tí ẹ ń rí lára agolo ní gbogbo pápá ìṣeré.

Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn. Kuhrs di Coors kí ẹnu àwọn ará ibí lè gbà á. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti sọ Olúwáṣeun di Shawn, mi ò bá yín jà o! Mo kàn ní kí ẹ rí i pé kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ṣe é.

Ilé ìpọntí Stenger kógbá sílé ní ọdún 1893. Láti 1920 títí di 1933, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọtí pátápátá, àwọn ènìyàn sì ń mu ún níkọ̀kọ̀. Ní àwọn ọdún 1930 yẹn kan náà, ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń lé àwọn tó ń ṣe ògógóró kiri inú igbó ní ilẹ̀ wa, nítorí ògógóró kò mú owó orí wọlé fún wọn bí ọtí tó ń ti òkèèrè wá. Ní ọdún 2012, John àti Joe, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Naperville. Solemn Oath ni wọ́n pe ilé ìpọntí wọn. Ṣé ẹ mọ orúkọ bàbá wọn? Barley! Ìyẹn bàálì náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; tiwọn, orúkọ ni wọ́n wò kí wọ́n tó yan iṣẹ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àwa ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ ta oúnjẹ Yorùbá níbí?"

Mo tún dákẹ́. Ní Sátidé yẹn a kò rí ata rodo kan ní gbogbo àdúgbò odò náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti dé, àwọn obìnrin kan ń se ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ rírò nínú ilé wọn fún ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, wọ́n ń gbé e sínú kúlà sẹ́yìn ọkọ̀. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò sí Heward tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan. Ìyàwó mi gbọ́ ohun tí à ń sọ láti ìdáná, ó ní òun mọ obìnrin tó kọ́kọ́ se àmàlà tà fún wọn nígbà tí òun dé, ó ní nínú yàrá kékeré kan ni, láìsí ewédú tútù, gbígbẹ ni.

Ọmọ náà lọ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ìyá rẹ̀ pe orúkọ obìnrin náà, òun kọ ọ́, ó kọ ọdún sí i, ó sì fi àmì ohùn sórí rẹ̀. Àmì kan wọ́, a ti bá a tún un ṣe.

Ó dàbọ̀ o.