Ìtàn Jọ́nà Àwọn Onímọ̀ Ilẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ohun tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá Nínú Rẹ̀

Ìfáárà

Ní Ijapo tí mò ń gbé ní Àkúrẹ́, onílé tí kò gbẹ́ kànga kò wọ́pọ̀. Nígbà tí ó kàn mí, mo pe àwọn agbẹ́kànga. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ pupa kọjá, wọ́n gbẹ́ yangí kọjá, wọ́n kan amọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n kan akọ òkúta. Wọ́n ní iṣẹ́ parí. Omi díẹ̀ sun sí i lákòókò òjò. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó gbẹ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni kànga aládùúgbò mi, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ sí tèmi, kò gbẹ títí òjò mìíràn fi dé. Àwọn ènìyàn ní orí rẹ̀ ni ó dára ju tèmi lọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé láti ọdún 1999 ni ìwádìí kan lórí omi abẹ́ ilẹ̀ Àkúrẹ́ ti jáde nínú jọ́nà kan tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà níhìn-ín. Ìtàn jọ́nà náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò, kí n sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá ní kíláàsì Yorùbá.

Bí jọ́nà náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí a tó gba òmìnira, ọwọ́ ìjọba amúnisìn ni ìwádìí ilẹ̀ wa wà. Ní 1919 ni wọ́n dá Geological Survey of Nigeria sílẹ̀, J. D. Falconer sì ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí a lè wà jáde kí a sì tà ni ó jẹ wọ́n lógún jù: tíìnì, èédú ilẹ̀ àti wúrà.

Ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ní 1961, àwọn awakùsà, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti àwọn onímọ̀ irin para pọ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Nigerian Mining, Geological and Metallurgical Society. Ní 1964, ìdìpọ̀ kìíní jọ́nà wọn jáde. Nínú rẹ̀ ni M. O. Oyawoye, ọmọ Ọ̀fà, ti kọ àpilẹ̀kọ lórí àpáta ìpìlẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí í ṣe àwọn àpáta àgbà tí ilẹ̀ yòókù dúró lé. Àpáta bẹ́ẹ̀ ni ó yọrí síta ní òkè Ìdànrè, òun náà ni ó wà lábẹ́ Àkúrẹ́. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ náà.

Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ náà di Nigerian Mining and Geosciences Society, jọ́nà rẹ̀ sì di Journal of Mining and Geology, orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di ìsinsìnyí.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Oko jọ́nà yìí fẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ àpáta, ohun alùmọ́nì, epo rọ̀bì, ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé tàbí la ọ̀nà sí, àti omi abẹ́ ilẹ̀. Èyí tí ó kan kànga mi ni jiofísíìsì, ìmọ̀ tí a fi ń mọ inú ilẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ. Ní ilẹ̀ Faransé, Conrad Schlumberger ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná wádìí inú ilẹ̀ ní 1912. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1930, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ jọ́nà Geophysics ní 1936. Wíwá epo ni ó gba ọkàn àwọn ti Amẹ́ríkà jù. Lọ́dọ̀ tiwa, omi gba àyè púpọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Ọ̀pá irin mẹ́rin ni wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Wọ́n a ti iná bátìrì wọlẹ̀ láti ara méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun, wọ́n a sì fi méjì ti àárín wo bí agbára rẹ̀ ṣe kù sí. Bí wọ́n bá ṣe ń sún àwọn ti ìpẹ̀kun jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni iná náà ń wọlẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Amọ̀ tútù a máa jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́. Akọ òkúta a máa dínà mọ́ ọn. Ohm-mita ni a fi ń ka ìdínà yìí: ti amọ̀ kì í sábà pé 100, ti akọ òkúta sì sábà máa ń ju 1,000 lọ. Ṣùgbọ́n ó gba ọgbọ́n láti kà á, nítorí pé amọ̀ a máa mu omi, kì í sì í fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ alápáta bíi tiwa, omi kì í wà káàkiri. Inú àpáta tí ó ti rà, tàbí ojú ibi tí àpáta ti sán, ni ó ń pamọ́ sí. Ní 1992, ìdìpọ̀ 28 gbé ìwádìí Olorunfemi àti Okhue jáde lórí Ilé-Ifẹ̀. Ní 1999, ìdìpọ̀ 35 gbé ti Olorunfemi, Ojo àti Akintunde jáde lórí Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí kànga aládùúgbò mi bọ́ sí ojú ibi tí àpáta ti sán, kí tèmi sì jókòó lórí akọ òkúta gbọingbọin. Ọ̀rọ̀ orí kọ́.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ni kànga àti ẹni tí ń gbẹ́ ẹ kò lè jẹ àǹfààní rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981 ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí gan-an. Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè gbé e. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ hàn wá pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà kò ní kẹ́yìn.

Èrò mi ni pé kí a tọ àwọn agbẹ́kànga lọ kí a tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Wọ́n ti ní yangí, amọ̀, yanrìn àti akọ òkúta lẹ́nu. Onímọ̀ ilẹ̀ ni yóò sọ fún wa bí èyí tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ bá bá a mu. Ẹ̀yin olùdánwò náà, àyọkà tí ẹ ń yàn fún ìdánwò kò gbọdọ̀ mọ sórí ìgbéyàwó àti oyè jíjẹ nìkan. Àyọkà kan lórí omi abẹ́ ilẹ̀ yóò dán òye ọmọ wò, yóò sì tẹ̀lé e délé.

Àgbálọgbábọ̀

Ọdún mẹ́ta péré ni ó wà láàrin ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti ìdìpọ̀ kìíní jọ́nà wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ó kú. Wọ́n ti ṣe tiwọn. Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà yóò máa san owó gbẹ́ òkúta. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè ni ó kù kí a bu ìmọ̀ náà fún àwọn tí ó ni ilẹ̀.