Ìwà Mímọ́ àti Ìwà Àánú Nínú Ìjọ Àwọn Baba Wa ní Ilẹ̀ Oǹdó

Ìtàn ni a fẹ́ sọ, kì í ṣe ìwàásù, bí ó tilẹ̀ ṣòro fún àlùfáà láti ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ìwà mímọ́ àti ìwà àánú kò ṣe é yà nípá. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìbẹ̀rẹ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, a ó rí i pé àwọn baba wa di ọ̀kan mú ṣinṣin, èkejì sì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1857, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ́nù, fi í lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ri ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀ bọmi, ṣùgbọ́n a lè ri àwọn aya rẹ̀ bọmi. Nítorí náà ni a ṣe ń bi ẹni tí ó wá sí kíláàsì pé, “Aya mélòó ni o ní?” Ó pẹ́ kí a tó bi í pé, “Ẹrú mélòó ni o ní? Ìwọ̀fà mélòó ni ó ń ro oko rẹ?”

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti àwọn tí ó ṣe rere. David Hinderer, ará Jámánì, àti Anna aya rẹ̀, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Anna kó àwọn ọmọdé sínú ilé rẹ̀, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, owó kò sì rí ọ̀nà wọlé mọ́. Wọn kò lé àwọn ọmọ náà jáde. Ẹrù ilé wọn ni wọ́n ń tà, títí kan ògbólógbòó agolo, láti fi ra oúnjẹ ní ọjà, títí Glover fi rán ènìyàn láti Èkó wá mú ìyá náà jáde ní 1865. Anna kú ní 1870. Ọkọ rẹ̀, bí ara rẹ̀ kò tilẹ̀ le mọ́, tún padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà fún iṣẹ́ ìjọ ní Oǹdó, lẹ́yìn tí Glover ti mú kí ọ̀nà tí ó gba Oǹdó kọjá ṣí ní 1872. Lójú tiwa, ẹni tí yóò bá sọ ìtàn ìjọ Oǹdó kò gbọdọ̀ gbàgbé agolo wọ̀nyẹn.

Charles Phillips ni ó wá jókòó ti iṣẹ́ náà ní 1877. Ọmọ ilẹ̀ wa ni. Baba rẹ̀ pẹ̀lú ti ṣe òṣìṣẹ́ ìjọ ní Ìjàyè. Ìlú tí ó bá kì í ṣe ìlú tí kò mọ àánú. Ìtàn Oǹdó fúnra rẹ̀ sọ pé àánú ni ó bí ìlú náà: a bí ìbejì ní ààfin Ọ̀yọ́ ní ìgbà tí a ń pa ìbejì, ọba kò sì jẹ́ kí a pa wọ́n, ó ní kí wọ́n bá ìyá wọn jáde lọ, Púpùpú, ọ̀kan nínú wọn, tí í ṣe obìnrin, ni ó jẹ Ọṣemàwé àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ní ìlú kan náà, bí ìjòyè ńlá bá kú, tàbí bí ọdún òrìṣà kan bá dé, a ń fi ènìyàn rúbọ. Ẹni tí a sì ń pa, ẹrú tí a rà ni, àjèjì tí kò ní ìbátan tí yóò béèrè rẹ̀. Phillips tako àṣà náà lójú àwọn ìjòyè, nígbà tí agbára ìlú wà lọ́wọ́ Lísà Ẹdun. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹrú ní ọjà, ta ni a ó rà láti pa? Báwo sì ni ìjọ tí ń kọ ìrúbọ ènìyàn yóò ṣe máa fi ojú fo rírà ènìyàn?

Ní 1879 àti 1880 ni C.M.S. dojú kọ ọ̀ràn náà gan-an. James Johnson, ẹni tí ó ń ṣe alábòójútó àwọn ìjọ òkè nígbà náà, ti ń rọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ kí wọ́n tú ẹrú wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ ọ dáradára: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, tí ń gun orí àga ìwàásù. Àwọn tí ó ń gbèjà àṣà náà ní àwíjàre. Wọ́n ní ẹrú ilé bí ọmọ ni. Wọ́n ní níbi tí alágbàṣe kò sí, ta ni yóò ro oko? Wọ́n ní ẹrú tí a bá tú sílẹ̀ ní àkókò ogun, ẹlòmíràn ni yóò mú un lójú ọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí ó jáde ni pé òṣìṣẹ́ ìjọ kan kò gbọdọ̀ ní ẹrú tàbí ìwọ̀fà mọ́. Òfin náà kò de àwọn ọmọ ìjọ. Ẹ̀rí-ọkàn wọn ni a fi tiwọn lé lọ́wọ́. Ní ọdún 1880 kan náà ni a mú Johnson kúrò ní ipò rẹ̀, nítorí ó ti le jù lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà mọ̀ pé iṣẹ́ ni ìwọ̀fà fi ń san èlé. Owó orí gbèsè kò fi kọ́bọ̀ kan dín, bí ó tilẹ̀ sìn ní ogún ọdún. Nítorí náà, àánú ní ìgbà náà kọjá kí a sọ owó sínú àwo ọrẹ. Kí olówó fa gbèsè náà ya ni, kí ọmọ ọlọ́mọ sì máa lọ sí ilé baba rẹ̀.

Ogun Kírìjì ṣì ń jà ní gbogbo àkókò yìí, ogun ni ó sì ń bọ́ ọjà ẹrú. Ní 1886 Gómìnà Moloney rán Phillips àti Samuel Johnson láti bá àwọn ológun sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Phillips gba Oǹdó lọ bá àwọn Èkìtìparapọ̀. A sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 4 oṣù June, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1893 ni ìjà náà tó parí pátápátá. Ní ọdún 1893 náà ni a fi Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Bí ọ̀nà ti ṣí, àwọn tí a ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ Ìhìnrere ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn àti ní Èkó, àwọn ni ó sì kọ́kọ́ kó ènìyàn jọ fún àdúrà ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, aládùúgbò wa, kí àlùfáà tó dé. Àwọn tí ìjọ kò tètè béèrè nípa wọn ni ó wá di olùkọ́ fún ìjọ.

A kò gbọdọ̀ fo E. M. Lijadu dá, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó. Àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ ọ́n nítorí ìwé rẹ̀ lórí Ifá, àti Ọ̀rúnmìlà tí ó jáde ní 1908. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀, ó fi owó oṣù C.M.S. sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere sílẹ̀, ó sì ń fi èrè òwò ara rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà ró. Ó kú ní 1926.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn aya. Ọkùnrin tí ó ní aya mẹ́ta tí ó sì fẹ́ ìrìbọmi ní láti kọ méjì sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lójú ìjọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí a kọ̀, tí kò ṣẹ̀, ta ni yóò bọ́ ọ? Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Láti 1855 ni Colenso, bíṣọ́ọ̀bù Natal ní gúúsù Áfíríkà, ti ń sọ pé ìkà ni èyí. Àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 kò gbà fún un. Wọ́n tún òfin àtijọ́ fi ọwọ́ sí. Àwa gbà pé ọkùnrin kan, aya kan ni ìlànà Olúwa, a kò sì ní sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n mímọ́ tí a fi omijé ẹlòmíràn wẹ̀ ń kọ wá lóminú. Ní 1988 ni Lambeth tó gbà pé a lè ri irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bọmi pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí àwọn ará ìjọ ibẹ̀ bá gbà, tí òun pẹ̀lú sì ṣèlérí pé òun kì yóò fẹ́ ẹlòmíràn kún wọn. Pé a kò sì gbọdọ̀ fi ipá mú un kọ ọ̀kankan nínú wọn, nítorí ìyà tí yóò jẹ àwọn obìnrin náà. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ni ó wà láàárín ìpinnu méjèèjì.