Èpò Tí Oògùn Kò Ràn
Ní 1968, ní oko kan tí wọ́n ti ń tọ́jú igi ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, oògùn apakòríko tí wọ́n ń pè ní simazine kò pa èpò Senecio vulgaris mọ́. Láti 1958 ni wọ́n ti ń fọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. G. F. Ryan ròyìn rẹ̀ ní 1970.

Simazine máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà kan nínú ewé, kí ewé má baà lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Nínú èpò alágídí, ìyípadà bíńtín ti bá èròjà náà, oògùn kò sì ríbi dì mú. Oògùn kọ́ ló dá ìyípadà yìí sílẹ̀ o. Ó kàn pa àwọn yòókù ni, alágídí sì gba ilẹ̀. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí oògùn apakòríko mìíràn: ní 1996, wọ́n ròyìn koríko ryegrass tí glyphosate pàápàá kò pa ní Australia.