Ilẹ̀kùn Tí A Mọ̀ọ́mọ̀ Tì: Ìtàn Àpò Fáìlì Àjùmọ̀lò Tí Kọ̀ǹpútà Kò Lè Ṣí, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Láti Aládé-Ìdànrè

1. Ìfáárà

Ohun tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó ṣojú wa ní Aládé, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. A lọ síbẹ̀ láti wo àkọsílẹ̀ títa kòkó tí ọ́fíìsì kan, tí a kò ní í dárúkọ, ti ń kó jọ fún ọdún mẹ́wàá ó lé. Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ó ń lo Windows XP ni àkọsílẹ̀ náà wà, nínú àpò fáìlì àjùmọ̀lò. Ìtumọ̀ èyí ni pé kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ọ́fíìsì kan náà lè ti orí wáyà ṣí àpò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, èyí tuntun kò lè ṣí i. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún wa pé àkọsílẹ̀ ti ṣègbé. Ẹnì kan tilẹ̀ ti dábàá pé kí wọ́n ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn òwò àwọn àgbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ì bá ti parun, kì í ṣe nítorí iná tàbí ikán, bí kò ṣe nítorí pé a ṣi gbólóhùn kan tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà túmọ̀.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, irú ìkọ̀sílẹ̀ báyìí kì í ṣe àmì pé nǹkan bàjẹ́. Àmì ìpinnu tí àwọn ènìyàn ṣe ní àkókò kan pàtó ni. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìpinnu náà ni yóò tètè mọ ibi tí ó yẹ kí òun wò.

2. Ìgbà tí gbogbo ará ilé jẹ́ ẹni ìfọkàntán

Ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń pín fáìlì fún ara wọn ni a ń pè ní SMB. Ní nǹkan bí ọdún 1983 ni Barry Feigenbaum, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM, dá a sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Microsoft gbà á, wọ́n tún un ṣe, nígbà tí ó sì di ọdún 1992, wọ́n fi sínú Windows for Workgroups, èyí tí ó sọ pínpín fáìlì di ohun tí ọ́fíìsì kékeré pàápàá lè ṣe. Ní àkókò yìí kan náà ni Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Canberra ní Ọsirélíà, ń fetí sí ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn sọ lórí wáyà títí ó fi lóye rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni a mọ̀ sí Samba lónìí, òun ni ó sì jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà tí kì í lo Windows lè bá wọn dá sí i.

Ohun kan ni a gbọ́dọ̀ kíyè sí nípa àwọn ọdún náà. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí wáyà kan kò pọ̀, inú ilé kan náà ni wọ́n sì wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti wọ agboolé, ọmọ ilé ni wọ́n kà á sí. Nínú Windows XP, tí ó jáde ní ọdún 2001, ọ̀nà ìpín-fáìlì tí ó rọrùn jù lọ a máa gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ti orí wáyà wá gẹ́gẹ́ bí àlejò, láìbéèrè páṣíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú wa àtijọ́ ṣe. Oníbodè wà ní ẹnu ibodè, ó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, ó sì ń yẹ àlejò wò. Ìránṣẹ́ ọba a sì máa mú ọ̀pá tàbí àrokò dání tí a ó fi mọ ẹni tí ó rán an. Oníbodè ti SMB àkọ́kọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í yẹni wò fínnífínní.

3. Oṣù Karùn-ún ọdún 2017

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní WannaCry jáde. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti wọ kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ń ti fáìlì mọ́ àwọn tí ó ni ín, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tí ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba ni ó kàn. Kòkòrò yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣí lẹ́tà kankan kí ó tó rìn láti kọ̀ǹpútà kan dé èkejì. Ojú ọ̀nà tí a fi ń pín fáìlì gan-an ni ó gbà, nípasẹ̀ àléébù kan nínú SMB àkọ́kọ́. Ohun èlò tí ó lo àléébù náà, tí a gbà pé àjọ NSA ti Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, ti bọ́ sí gbangba ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Microsoft sì ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi í sínú kọ̀ǹpútà wọn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, nígbà tí ẹ̀dà Windows 10 tí a pè ní 1709 jáde, SMB àkọ́kọ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́ fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò aláìlórúkọ nínú àwọn ẹ̀dà ti ilé-iṣẹ́ ńlá àti ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2024, Windows 11 ẹ̀dà 24H2 tún fi kún un pé kí iṣẹ́ tí a bá rán lórí SMB máa ní èdìdì tí a ó fi mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó yí i padà lójú ọ̀nà. Kò yẹ kí a rò pé WannaCry nìkan ni ó fa gbogbo èyí. Láti ọdún 2016 ni òṣìṣẹ́ Microsoft tí ó ń bójú tó SMB ti ń bẹ àwọn ènìyàn ní gbangba pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ti àkọ́kọ́. Ohun tí a lè sọ ni pé àjálù náà sọ ìmọ̀ràn di òfin.

4. Ìbéèrè márùn-ún

Bí ìtàn bá rí báyìí, wíwá ìdí ìkọ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ ní ìpele ìpele. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ní Aládé ni pé a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà fúnra rẹ̀, a sì ṣí àpò náà níbẹ̀. Gbogbo àkọsílẹ̀ pé. Ìbéèrè tí ó kù kì í ṣe ti ìparun mọ́, ti ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ni.

Èkíní ni ọ̀nà. Ṣé wáyà dé ibẹ̀, ṣé kọ̀ǹpútà kò sì ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sí ibi ìta gbangba, níbi tí kì í ti í pín nǹkan? Èkejì ni orúkọ. Àwọn aládùúgbò lè má hàn lójú kọ̀ǹpútà tuntun rárá, nítorí pé SMB àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí ń to orúkọ wọn jọ láyé àtijọ́ gbára lé. Nítorí náà, àìrí orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí àìsí. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà kọ̀ǹpútà náà pè é. Ẹ̀kẹta ni èdè. SMB kejì dé pẹ̀lú Windows Vista ní ọdún 2006, ẹ̀kẹta pẹ̀lú Windows 8 ní ọdún 2012. Windows XP kò gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹrin ni ìdánimọ̀: orúkọ àti páṣíwọ́ọ̀dù, títí kan páṣíwọ́ọ̀dù àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ti fi pamọ́ tí ó sì ń fi jíṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀karùn-ún ni àṣẹ. Oríṣi méjì ni èyí, ti ojú ọ̀nà àjùmọ̀lò àti ti àpò fáìlì fúnra rẹ̀. Èyí tí ó bá le jù nínú méjèèjì ni yóò borí.

Ní Aládé, ọ̀nà là, nọ́ńbà sì jẹ́ ìpè. Ìbéèrè kẹta ni ọ̀rọ̀ ti há.

5. Kí a tún ilẹ̀kùn ṣí ni, àbí kí a kó ẹrù jáde?

Ẹni tí ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe dábàá pé kí a dá SMB àkọ́kọ́ padà sínú kọ̀ǹpútà tuntun. Kò purọ́: ìyẹn yóò ṣiṣẹ́, kò sì ní í gba àkókò. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí WannaCry gbà wọlé ni yóò tún ṣí sílẹ̀, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows XP dúró láti oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ìdí nìyí tí a fi gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ náà sórí fíláàṣì, kí wọ́n yẹ fíláàṣì náà wò bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀, kí wọ́n gbé àpò àjùmọ̀lò sórí kọ̀ǹpútà tuntun, kí wọ́n sì yọ ti àtijọ́ kúrò lórí wáyà láì jù ú nù.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kejì tí wọ́n ní kò tún lè ṣí àpò náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè kẹrin ni. Orúkọ tí akọ̀wé ń lò kò ní páṣíwọ́ọ̀dù, Windows kì í sì í jẹ́ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti orí wáyà wọlé. Ẹni tí ó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà nìkan ni ó lè lò ó. Nígbà tí wọ́n fún un ní páṣíwọ́ọ̀dù, àpò ṣí. Ẹ̀rí ni èyí pé àmì kan náà lè ní ìdí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ará Ìdànrè mọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà tiwọn. Láti nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti ṣègbé nítorí pé kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1954 ni akitiyan Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike so èso, tí a fi dá ibi ìkó-àkọsílẹ̀-pamọ́-sí ti orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Ìwé ni ó gbà lọ́wọ́ ìparun nígbà náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí àwa òpìtàn yóò nílò wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní igun ọ́fíìsì. A dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa tí ó bá lọ wá irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ má ṣe gba "ó ti ṣègbé" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn kí ó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó sì kọ irú Windows tí ó ń lò àti ọdún rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Kí ó ṣe ẹ̀dà méjì kí ó tó kúrò níbẹ̀.