Orúkọ Wo Ló Yẹ Ẹ̀rọ Àtúnkì Ọta?

Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tó gbé ìbọn ṣakabùlà dání kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Ó ń ki ìbọn ni: ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ kí ó rinlẹ̀, ó sọ ọta tẹ̀ lé e, ó fi akísà dí i kí ọta má baà yọ́ jáde. Bí ẹran bá yọjú, ó yìn ín. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, wọ́n kúrú, wọ́n sì dá ṣáká.

Iṣẹ́ kan náà ní ojú mìíràn ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yìnbọn fún ìdíje tàbí tó ń ṣọdẹ máa ń ṣa idẹ tí ìbọn bá pọ̀ sílẹ̀, wọn a kó o lọ sílé, wọn a fi ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ tábìlì kún un padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é fún ìlò ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa tà á ló gbọ́dọ̀ gbà á. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: òfin ohun ìjà ti 1959 kò gba aráàlú láyè láti máa ṣe ọta nílé rárá. Àmọ́ òfin kò lè ní kí èdè má mọ orúkọ nǹkan. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé lókè òkun lè nílò àwọn orúkọ wọ̀nyí, ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ lè nílò wọn, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà sì lè nílò wọn. Pàtàkì jù, iṣẹ́ yìí jẹ́ ibi tó dára láti dán agbára ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wò, nítorí pé bí orúkọ kan bá ṣi ènìyàn lọ́nà níbí, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìṣòro àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa gbà pé a mọ̀. Kí ni ọta? Ẹni tó bá rí ohun ṣóńṣó elídẹ kan nílẹ̀ yóò ní òun rí ọta. Ẹni tí dókítà yọ irin kúrò lára rẹ̀ yóò ní wọ́n yọ ọta lára òun. Nǹkan méjì ni wọ́n ń sọ. Odindi ohun tí a ń kì bọ inú ìbọn ìgbàlódé ní ẹ̀yà mẹ́rin: idẹ tó gba gbogbo rẹ̀ sínú, ohun kékeré tó ń ta iná nídìí rẹ̀, ẹ̀tù, àti òjé tó ń fò lọ. Lójú agbo ilé, kò sí ewu nínú kí a pe gbogbo rẹ̀ ní ọta. Lórí tábìlì àtúnkì, ewu ńlá ni. Ohun tó tọ́ ni kí a fi ọta mọ sí ohun tó ń fò lọ nìkan, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ oníṣakabùlà ti ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì pe odindi rẹ̀ ní kátíríìjì, orúkọ tí àwọn ọdẹ tó ń lo ìbọn olójú méjì ti gbà mọ́ra tipẹ́.

Ó ku idẹ náà. Orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni èèpo, nítorí òun ló ń ṣẹ́kù nílẹ̀. Èèpo kò bá iṣẹ́ yìí mu. Ohun tí a ń jù nù là ń pè ní èèpo. Ẹni tó ń ṣe àtúnkì kì í ju idẹ nù, òun gan-an ló tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí òun ló wọ́n jù nínú ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì lè lò ó lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹnu rẹ̀ tó sán. Orúkọ tó yẹ ẹ́ ni àkọ̀. A fa idà yọ, àkọ̀ ṣẹ́kù, a tún un lò. Àkọ̀ ọta, tàbí àkọ̀ idẹ níbi tó bá ti yẹ kí a dárúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ohun kékeré tó wà nídìí àkọ̀ kò le rárá. Abẹ́rẹ́ ìbọn á gbá a, á sì ta iná sí ẹ̀tù. Yorùbá ti fi ṣá àti iná ṣe ìṣáná. Bí a bá pe èyí ní ìṣáná ọta, ọmọdé pàápàá á lóye rẹ̀. Irú méjì ló wà, ọkùnrin méjì tí iṣẹ́ wọn jáde ní 1866 ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n: Edward Boxer, ọ̀gá ológun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Hiram Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà. Àkọ̀ ti Boxer ní ihò kan ṣoṣo láàárín ìdí, ibi tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù. Ti Berdan sábà máa ń ní méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló wá di ti Amẹ́ríkà, ti ọmọ Amẹ́ríkà ló gbilẹ̀ ní Yúróòpù. Nítorí náà, orúkọ àwọn méjèèjì kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Oníhò kan àti oníhò méjì sàn jù wọ́n lọ: ẹni tó bá yọjú wo inú àkọ̀ á ti mọ èyí tó dì mú, á sì mọ ìdí tí àwọn aláàtúnkì fi fẹ́ràn oníhò kan. Abẹ́rẹ́ tó ń ti ìṣáná àtijọ́ jáde máa ń gba ihò àárín yẹn kọjá ni. Nínú oníhò méjì, irin ni yóò gún, á sì ṣẹ́.

Boxer yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Òun ló ṣe kátíríìjì ìbọn Snider, ìbọn àkìsẹ́yìn tí àwọn Èkìtìparapọ̀ gbà láti Èkó wá dojú kọ Ìbàdàn lójú ogun Kírìjì, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìró ìbọn ni wọ́n sì ní ó bí orúkọ ogun náà. Àwọn tó jagun yẹn gbọ́ ìró ohun tuntun, wọ́n fún un lórúkọ látinú etí ara wọn, wọn kò dúró de ìwé atúmọ̀ kankan.

Ẹ̀tù ní tirẹ̀ gba ìṣọ́ra. Àmì ohùn ni ìṣọ́ra àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀tù kì í ṣe ẹtu inú igbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹtù tí a fi òfì hun. Ìkejì le jù. Ẹ̀tù tí ọdẹ mọ̀ jẹ́ dúdú, ó ń rú èéfín. Ní 1884, Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe irú mìíràn tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, tí agbára rẹ̀ sì fi púpọ̀ ju ti dúdú lọ. Irú èyí ni wọ́n ń lò fún kátíríìjì òde òní. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ní ìwọ̀n kan náà, ìbọn lè túká. Nítorí náà kò yẹ kí ẹ̀tù lásán hàn nínú ìwé ìlò kankan. Ẹ̀tù dúdú tàbí ẹ̀tù aláìléèéfín: ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní kíkún, ní gbogbo ìgbà, bó ti wù kí ó gùn tó.

Wọ́n ń wọn ẹ̀tù yìí ní ìwọ̀n kan tó kéré gan-an: 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan, ó lé ní 15 nínú gíráàmù kan. Láti ara hóró ọkà ni ìwọ̀n náà ti wá nílùú òyìnbó, ó sì lè wu ènìyàn kí ó pè é ní wóró. Ẹni tó bá ka wóró ẹ̀tù márùn-ún lè jókòó ti ẹ̀tù kó máa kà á ní ẹyọ ẹyọ. Bí a bá sì yá ọ̀rọ̀ náà, tí a kọ ọ́ ní gíréènì, gíráàmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ jọ ọ́ lẹ́nu àti lójú, àṣìṣe láàárín àwọn méjèèjì sì ń sọ ìwọ̀n di ìlọ́po 15. Àbá tó fi ọkàn balẹ̀ jù ni wóró-ìwọ̀n, kí a so ó pọ̀, kí ó má ṣe dá dúró láé.

Wàyí o, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kì, tẹ̀ àti tún ló wà nílẹ̀. Tí a bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀, ìwé ni ọkàn ń lọ sí. Bí a ti ní àtúnṣe àti àtúntẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà la lè ní àtúnkì: ẹ̀rọ àtúnkì. Irú tó rọrùn jù ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo nígbà kan, ọgọ́rùn-ún àkọ̀ á la ìpele kan kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Eléékan ni ká pè é. Irú kejì ni ó ń yọ àwọn atúmọ̀ lẹ́nu. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ bá ti òṣèlú pàdé, ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀rọ onítẹ̀síwájú ti sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tó ń wá ìbò. Ohun tó ń ṣe ni kí a wò. Àwo irin róbótó kan wà láàárín rẹ̀ tó gba àkọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún dúró. Lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òrùka kan wà tó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá fa apá ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo òrùka á ṣiṣẹ́ pa pọ̀, àwo á yí, àkọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì sún sí ibùdó tó kàn. Nígbà tí àwo bá ti kún, ìfà kan, kátíríìjì kan.

Èdè wa ti ní irú ọ̀rọ̀ tó ń sọ èyí. Àtìrandíran wà, àtọwọ́dọ́wọ́ wà. Ohun tó ń lọ láti ibùdó dé ibùdó lè jẹ́ àtibùdódíbùdó. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tó bá pè é lẹ́ẹ̀mejì ti mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń rìn. Nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ Dillon Precision ní Scottsdale, Arizona, ń ṣe, 550 ní ibùdó mẹ́rin, ọwọ́ ni a sì fi ń yí àwo rẹ̀. XL 750 ní márùn-ún, àwo rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. Ayífọwọ́ àti ayíraẹni: ìyàtọ̀ náà ṣe kókó, nítorí ẹni tó bá gbàgbé láti yí àwo lè fa ẹ̀tù sínú àkọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì fi gbogbo ibùdó ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ẹ̀rọ. Àkọ̀ kan péré là ń fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ oníbùdó márùn-ún, ní ibùdó kìn-ín-ní, òrùka ìfún á fún àkọ̀ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ìyìn ti mú un wú, abẹ́rẹ́ á sì ti ìṣáná àtijọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ìṣáná tuntun á wọlé, ẹ̀tù á ti òkè bọ́ wá, ẹnu àkọ̀ á fẹ̀ díẹ̀ kí ọta lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òrùka tó ń mú ẹnu fẹ̀ yìí ní ti ìyanu kò jẹ̀bi, ya ẹnu ni ó ń ṣe. Àmọ́ iṣẹ́ ìyanu ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ, ìmẹ́nufẹ̀ ni yóò dára jù. Kòtò tí a ń da ẹ̀tù sí lókè ẹ̀rọ lè jẹ́ àdó, orúkọ kèrègbè kékeré tí a ń kó lẹ́búlẹ́bú oògùn sí. Ibùdó kẹta ni ti olùṣọ́ ẹ̀tù, tó ń dún bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù tàbí tó dín jù. Ìkẹrin ni òrùka ìtẹ̀ta, tó ń tẹ ọta wọlé dé ibi tó yẹ. Ìkarùn-ún ni ìdẹnu, tó ń di ẹnu àkọ̀ mọ́ ọta.

Àléébù méjì gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí a lè fi kígbe. Bí ẹ̀tù bá lé ẹ̀tù nínú àkọ̀ kan, àkìlé nìyẹn. Bí kò bá sí ẹ̀tù níbẹ̀ rárá, ìṣáná nìkan á ti ọta dé àárín ojú ìbọn, á sì há síbẹ̀: ọta àhá. Ẹni tó bá yin òmíràn tẹ̀ lé e lè pàdánù ìka, tàbí ojú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti fi ọ̀nà hàn nínú iṣẹ́ báyìí. Ètò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wọ́n sì ní láti wá orúkọ fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun tó kù ni kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jókòó ti alágbẹ̀dẹ, ti ọdẹ àti ti onírin, àwọn tó mọ̀ bóyá fún tàbí tẹ̀ ni ọwọ́ ń ṣe.

Àwọn ọ̀mọ̀wé á nílò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí fún èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn ibi tí kátíríìjì ti ń fara kan irin nínú ìbọn tí kò fi ní wọlé jù. SAAMI, ẹgbẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ohun ìjà Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1926, ló ń fi ìwọ̀n rẹ̀ lélẹ̀. Ìfẹ̀yìntì ìbá bá a mu, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbà á. Gúnlẹ̀ ṣì wà, bí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Kátíríìjì .30-06 ń fi èjìká gúnlẹ̀. Ti .38 Special ń fi ètè ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀. Ti .45 ACP àti ti Luger oní-9mm ń fi ẹnu gúnlẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń to ibùdó karùn-ún fún wọn kò fi gbọdọ̀ di ẹnu àkọ̀ ní àdìjù: bí ẹnu bá ká wọlé, kátíríìjì á rì kọjá ibi tó yẹ kí ó gúnlẹ̀ sí.