Ìjọ Onílẹ̀: Ìtàn Abúlé Elton

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ìjọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ọba àti bíṣọ́ọ̀bù ló máa ń gba gbogbo ojú ìwé. Abúlé kan ṣoṣo la fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, Elton, létí odò Nene ní àgbègbè Huntingdon.

Ilé àwọn mọ́ńkì Ramsey, tí a dá sílẹ̀ ní 969, ló ni abúlé náà títí di 1539 tí Ọba Henry Kẹjọ gba tọwọ́ wọn. Báwo ló ṣe di tiwọn? Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn wọn, wọn kò sì fi bò. Láyé Ọba Cnut, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Ramsey bá ará Denmark tó ni ilẹ̀ náà nídìí ọtí. Ọtí ti ń pa ọkùnrin náà nígbà tó gbà láti ta ilẹ̀ ní àádọ́ta máàkì wúrà, bí owó bá dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù yá owó lọ́wọ́ ọba lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ọtí dá lójú onílẹ̀, ó fẹ́ yẹ àdéhùn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ti pọ̀ jù. Ramsey ni wọ́n fi ilẹ̀ náà ta lọ́rẹ.

Ní 1086, nígbà tí Ọba William ní kí a ka ohun ìní ilẹ̀ rẹ̀, Elton ní ilé ìjọsìn kan, àlùfáà kan, ọlọ méjì (odò ló ń yí wọn, wọn kì í ṣe ọlọ ìdáná tiwa) àti àgbẹ̀ 28 tí a dè mọ́ ilẹ̀. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè kó lọ láìgbàṣẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lóko àwọn mọ́ńkì, ó ń sanwó kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ, ìdámẹ́wàá sì tún wà lórí ọkà rẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nínú ọgbà ilé ìjọsìn, lójú gbogbo ìjọ, wọ́n bú Michael Reeve, ọmọ abúlé tó ti ṣe alábòójútó oko. Wọ́n ní ó fi àwọn tó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún àwọn mọ́ńkì kórè oko ara rẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ olówó, kí ẹrù owó ilẹ̀ lè bọ́ sọ́rùn tálákà. A ṣàkíyèsí pé kò sí ohun tó kan olórí àwọn mọ́ńkì nínú ẹ̀sùn náà. Kóòtù tirẹ̀ ni wọ́n sì gbé ẹjọ́ lọ. Àwọn ará abúlé tó búra láti sọ òtítọ́ ní Michael kò jẹ̀bi. Wọ́n dá owó ìtanràn ṣílè mẹ́wàá fún un. Ó fi gbogbo rẹ̀ jì wọ́n, àyàfi gálọ́ọ̀nù wáìnì méjì.