Longyearbyen: Ìlú Tí Wọn Kì Í Bímọ Sí, Tí Wọn Kì Í Sin Òkú Sí

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ wa, bóyá ẹ ń ka èyí lórí ibùsùn, ẹ jẹ́ ká jọ rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn lónìí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí fídíò kan lórí fóònù yín tó sọ pé ìlú kan wà láyé yìí tí òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kú síbẹ̀. Ìlú náà wà lóòótọ́. Longyearbyen lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ikú lòdì sófin yẹn, àsọdùn ni. Òtítọ́ ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ gbọ́.

Níbo ló wà? Ní Svalbard, àwọn erékùṣù tí orílẹ̀-èdè Nọ́wè ń ṣàkóso, lókè pátápátá ní àríwá ayé. Láti ibẹ̀ dé góńgó àríwá ayé kò ju nǹkan bí 1,300 kìlómítà lọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó nǹkan bí 2,500. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó so ìlú náà pọ̀ mọ́ ìletò mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ jáde kọjá ààlà ìlú gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi lé béárì funfun, ọ̀pọ̀ sì ń gbé ìbọn dání. Tí oòrùn bá wọ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá, ó dìgbà náà o. Nígbà tó bá tún máa yọ ní oṣù Kejì, òkè á ṣì dí i. Ó di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta kí ìtànṣán rẹ̀ tó kan ibi tí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn àtijọ́ wà. Tọmọdé tàgbà á sì lọ dúró síbẹ̀ láti kí i káàbọ̀.

Kí ló wá gbé èèyàn débẹ̀? Èédú ni. Ní ọdún 1906, ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Munro Longyear, dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ láti máa wa èédú níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú náà. “Byen” lédè Nọ́wè, ìlú ló túmọ̀ sí. Ní 1916, iléeṣẹ́ Nọ́wè kan, Store Norske, rà á lọ́wọ́ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ yìí ló ni ilé, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kódà ó tẹ owó tirẹ̀ táwọn òṣìṣẹ́ ń ná níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títí dòní, tí ẹ bá wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Longyearbyen, wọ́n lè ní kí ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà. Àṣà àwọn awakùsà nìyẹn, kí eruku èédú má baà wọlé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá láti Nọ́wè, wọ́n wá ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú. Àjàkálẹ̀ àrùn fúlúù bá wọn dé. Nínú oṣù kan náà ni àrùn yìí wọ Èkó nípasẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ní Longyearbyen, méje kú nínú wọn. Ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n sin wọ́n síbẹ̀.

Ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ní 1998, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ wú sàréè wọn. Wọ́n rò pé òtútù á ti pa kòkòrò àrùn náà mọ́ fún ìwádìí. Ohun tí wọ́n bá ni pé àwọn pósí náà kò jìn rárá. Ìdí ni pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi tọ̀sán tòru, àmọ́ òkè rẹ̀ máa ń yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á tún dì nígbà òtútù. Bó ṣe ń yọ́ tó ń dì bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń ti ohun tí wọ́n bá sin sínú rẹ̀ bọ̀ wá sókè.

Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi sin pósí síbẹ̀ mọ́ láti nǹkan bí ọdún 1950. Ẹni tó bá kú, wọ́n á gbé e lọ sí Nọ́wè. Eérú òkú tí wọ́n sun nìkan ni wọ́n lè gbà láyè. Aboyún náà, tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bímọ, ó gbọ́dọ̀ wọkọ̀ òfuurufú lọ, torí ilé ìwòsàn ibẹ̀ kéré.

Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láyé àtijọ́, ẹni tó ní oko lẹ́yìn Ìbàdàn lè lo ogún ọdún ní aba. Àmọ́ tí ọdún bá dé, ilé ló ń bọ̀. Tó bá kú, ilé ni wọ́n á gbé e wá. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Aba ni Longyearbyen jẹ́ látilẹ̀. Nígbà ogun, ní 1941, wọ́n kó gbogbo èèyàn ibẹ̀ kúrò. Ní 1943, ọkọ̀ ogun Jámánì sun ìlú náà. Lẹ́yìn ogun, àwọn èèyàn padà wá, torí iṣẹ́ ṣì wà.

Ẹ̀yin tó ń ronú àtijápa, mo mọ̀ pé etí yín á nà síbí. Àdéhùn kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris ní 1920 ló fún Nọ́wè láṣẹ lórí Svalbard. Svalbard kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Thailand àti Philippines pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ dúró ná. Nọ́wè lẹ máa gbà kọjá, ìyẹn sì ń béèrè físà. Tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ kò lè bọ́ ara yín, wọ́n lè ní kí ẹ máa lọ. Láti 2022, àjèjì tí kò bá tíì gbé ní Nọ́wè gan-an fún ọdún mẹ́ta kò lè dìbò ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀, ì báà ti lo ogún ọdún nínú ìlú náà.

Èédú náà wá ńkọ́? Ní 2023, wọ́n pa ẹ̀rọ iná mànàmáná tó ń lo èédú. Ní 2025, kòtò èédú tó kù, tí àwọn ará Nọ́wè ń wà, kógbá sílé. Oko ti parí, aba ṣì wà. Àwọn ọmọ kan ti dàgbà síbẹ̀ tí wọn kò mọ ibòmíràn ní ilé. Ta ló wá ni ìlú náà: ìjọba tó ń ṣàkóso rẹ̀, àbí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀?

Kí n tó dágbére, ẹ̀gbọ́n kan láti ilé wa wà níbẹ̀ o! Ní 2008, wọ́n ṣí àká irúgbìn àgbáyé sínú òkè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà, kí oúnjẹ má baà parun láyé. Iléeṣẹ́ ìwádìí IITA tó wà ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi irúgbìn ránṣẹ́: ẹ̀wà, àgbàdo, sóyà. Ní 2016, yìnyín yọ́, omi wọ ẹnu ọ̀nà àká náà, ṣùgbọ́n kò kan irúgbìn kankan. Wọ́n ti tún un ṣe.

Ilẹ̀ tí kò gba òkú ló ń bá wa tọ́jú ẹ̀wà. Òtútù tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti ń dín kù.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ibi tí ẹ ń gbé báyìí, ṣé ilé ni àbí aba? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.